Igi Wo La Ó Gbìn Yí Ilé Ká Kí Iná Ẹ̀ẹ̀rùn Tó Dé?

  

Ìparí oṣù Kẹsàn-án la wà yìí. Òjò ṣì ń rọ̀, ilẹ̀ ṣì tutù, ewéko gbogbo ń dán yọ̀yọ̀. Kò sí ẹni tí iná igbó wà lọ́kàn rẹ̀ báyìí. Ohun tó mú mi yan àkókò yìí gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ kó tó máa wá ohun tí yóò gbìn, ẹ̀pa ò ní bóró mọ́, torí pé ohun tí a bá gbìn sínú ẹ̀ẹ̀rùn kì í tètè mú. Ó kù bí oṣù kan kí òjò ó kásẹ̀ nílẹ̀. Oṣù kan náà tó fún ẹni tó bá mọ ohun tó fẹ́ gbìn, tó sì mọ ibi tó fẹ́ gbìn ín sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí iná ṣe ń dé ilé wa. Láti Ìṣẹ́yìn dé Ṣakí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì àti Kíṣí, títí wọ ilẹ̀ Kwara, títí kọjá ẹnubodè dé Sábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ilẹ̀ ọ̀dàn ni. Eruwà tó ga ju èèyàn lọ nígbà òjò á ti gbẹ táútáú tó bá fi máa di oṣù Kejìlá. Ọyẹ́ á máa fẹ́ bọ̀ láti àríwá ìlà-oòrùn, láti aṣálẹ̀ Sàhárà, á máa fa ìwọ̀nba omi tó kù nínú ewé. Ọdẹ á dáná sun igbó nítorí ọ̀yà. Àgbẹ̀ á sun pàǹtírí oko rẹ̀. Darandaran á sun koríko gbígbẹ kí tútù lè hù fún màlúù. Bí atẹ́gùn bá ti gba iná náà lọ́wọ́ ẹni tó dá a, ó ti di ti gbogbo ìlú.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní iná ń jó oko, màjàlà ń ṣòfófó. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa lónìí, màjàlà ń ṣe ju òfófó lọ. Láàárín èyí tó ti kú tó ń fò lójú ọ̀run, ẹ̀ta iná wà níbẹ̀, ẹyin iná wẹ́wẹ́ tí kò tí ì kú. Afẹ́fẹ́ á gbé e kọjá ọ̀nà mọ́tò, á gbé e kọjá odò, á sì jù ú sórí ohunkóhun tó bá gbẹ. Ọ̀pọ̀ ilé ló jóná láìjẹ́ pé iná ńlá náà fọwọ́ kan ògiri wọn. Ẹ̀ta iná ló bà sórí ewé gbígbẹ lábẹ́ fèrèsé, ewé gbé iná fún igi, igi gbé e fún òrùlé. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni ká máa bi ara wa bí a bá ń yan igi. Iná tó ń bọ̀ láti inú igbó, kí ni yóò bá pàdé lẹ́nu ààlà ilé mi? Ẹ̀ta iná tó bá fò wọ àgbàlá, kí ni yóò rí jẹ?

Kò sí ewéko kan tí iná ò lè jó. Ẹni tó bá ń tà á fún yín pé igi tòun kì í gbiná, ẹ má dá a lóhùn. Ohun tí iná ń ṣe ni pé á kọ́kọ́ lé omi inú ewé jáde, ewé á gbẹ, lẹ́yìn náà ni yóò tó jó. Ewéko tí omi inú rẹ̀ pọ̀, tí kò ní igi gbígbẹ lára, tí oje rẹ̀ kò ní òróró, á fi iná ṣeré pẹ́, iná á sì ti rẹ̀ kó tó kọjá. Ohun tí à ń wá kò ju ìyẹn lọ: ewéko tí kì í bọ́ iná.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ mú. Wọ́n á ní, "Ṣebí igi òrí wà nínú ọ̀dàn, ọdọọdún ni iná ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, kò kú?" Òótọ́ ni. Èèpo igi òrí nípọn, ó sì le. Igi tíìkì náà, bó bá ti dàgbà, iná abẹ́lẹ̀ kì í sábà pa á. Kódà, eruwà tí a ń sọ yìí, iná á jó o kanlẹ̀, ká tó ṣẹ́jú pẹ́ ó ti tún yọ, torí gbòǹgbò rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀. Gbogbo wọn mọ bí wọ́n ṣe ń la iná já fún ara wọn. Wọn kò ní kí ilé yín là á já. Tíìkì máa ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó ń kó jọ sílẹ̀ ní ìpele ìpele, bí iná bá sì débẹ̀, oúnjẹ ti délẹ̀. Igi tí iná kì í pa, ọ̀tọ̀ ni. Igi tí kì í bọ́ iná, ọ̀tọ̀ ni. Ti kejì là ń wá sí ẹ̀gbẹ́ ilé.

Báwo la ṣe máa dá a mọ̀? Kò gba ẹ̀rọ kankan. Ẹ já ewé rẹ̀ kan, kí ẹ fún un láàárín ìka. Bí omi bá jáde, tí kò lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, tí kò sì ní òórùn líle, ẹ̀rí àkọ́kọ́ nìyẹn. Bó bá jẹ́ oje tó ń lẹ̀, tàbí òórùn tó ta sánsán sí imú, ó ṣeé ṣe kí òróró wà nínú ewé náà, òróró a sì máa gbé iná. Lẹ́yìn èyí, ẹ ya ẹ̀ka rẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ wo inú. Àwọn igi kan wà tí ìta wọn tutù, tí inú wọn sì kún fún ẹ̀ka òkú àti ewé gbígbẹ. Ẹ̀kẹta, ẹ rántí bó ṣe rí nínú oṣù Kìíní tó kọjá. Ewéko tó tutù nínú oṣù Kẹsàn-án kò tí ì ṣe nǹkan kan. Èyí tó ṣì tutù nígbà tí ètè wa bá ń bó nínú ọyẹ́ ni ká bá dọ́rẹ̀ẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá dárúkọ wọn.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo máa fi ṣíwájú. Ẹni tó bá ti fi àdá gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ rí mọ bí omi ṣe ń dà lára rẹ̀. Ní 2023, àwọn onímọ̀ kan gbé ìwádìí jáde lórí rẹ̀. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé iná tí wọ́n pè ní Tubbs, tó jó ní ìpínlẹ̀ California ní 2017, wọ́n wá bi ara wọn pé ká ní oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ń bomi rin wà láàárín igbó àti ìlú ńkọ́? Ìṣirò wọn fi hàn pé agbára iná náà ì bá dínkù gidigidi, ì bá sì pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé. Ní tiwa, ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni a ti mọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí. Omi ìwẹ̀ ń dà sí ìdí rẹ̀ ní tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò, ìdí nìyí tí òun fi máa ń tutù nígbà tí gbogbo igi yòókù ti ráú. Ẹ̀kọ́ ńlá ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá lè gbẹ́ ojú ọ̀nà kékeré kí omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ máa ṣàn lọ sí ìhà ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀, kí ẹ sì to ọ̀gẹ̀dẹ̀ síbẹ̀ ní ìlà méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ti fi nǹkan tútù dí iná lójú, ẹ ó sì tún rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ. Ohun kan ṣoṣo lẹ ó máa ṣọ́: ewé gbígbẹ tó rọ̀ mọ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń gbiná kíákíá. Ẹ máa rẹ́ ẹ dànù láti oṣù Kọkànlá lọ, kí ẹ má fi í sílẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀, pẹ́rẹ́gún. Láti ayébáyé ni a ti ń fi pẹ́rẹ́gún pa ààlà. Ewé rẹ̀ nípọn, kì í gbẹ bọ̀rọ̀, kò sì ná wa lówó: ẹ gé ọ̀pá rẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò ṣì wà, á ta gbòǹgbò. Akòko náà dára fún ọgbà yí ilé ká, bí a bá ń gé e déédéé tí kò fi di igbó.

Fún ilẹ̀ẹ́lẹ̀, níbi tí iná ti ń rìn wọlé, ẹ wo ọ̀dúndún àti àbámọdá. Ewé àwọn méjèèjì kún fún omi. Ti àbámọdá tún dára sí i, torí ewé rẹ̀ kan ṣoṣo tó bá bọ́ sílẹ̀ lè hu ọmọ púpọ̀ ní etí rẹ̀. Aloe vera, tí àwọn kan ń pè ní ẹtí erin, wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ wúlò fún ìkòkò ọbẹ̀, ẹ gbin gbúre, ẹ sì jẹ́ kí ìtàkùn ànàmọ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní kúkúndùnkún, bo ilẹ̀. Àmọ́ àwọn méjèèjì yìí ń fẹ́ omi nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Gbúre tó ti gbẹ kò sàn ju koríko lọ.

Ní ti igi ńlá, mángòrò, ìsin àti ọsàn kì í wọ́wé tán lẹ́ẹ̀kan náà. Òjìji wọn ṣú, koríko kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ hù lábẹ́ wọn. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn àti òrùlé, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 10. Bí wọ́n bá ti dàgbà, ẹ gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ wọn kúrò dé bí ẹsẹ̀ bàtà 6 sókè. Ìdí ni pé àkàbà ni iná ń wá. Koríko ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, igbó kékeré ni ìkejì, ẹ̀ka tó rọ̀ sílẹ̀ ni ìkẹta, orí igi àti páànù ló kù. Ẹ yọ ìgbésẹ̀ kan kúrò láàárín, iná á dúró sílẹ̀.

Wàyí o, àwọn wo ni kò yẹ kó sún mọ́ ilé? Mi ò ní kẹ́ ẹ má gbìn wọ́n rárá. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí wọ́n jìnnà.

Ọparun wà níwájú. Ewé gbígbẹ kì í tán lábẹ́ rẹ̀, bó bá sì ń jó, afẹ́fẹ́ inú kókó rẹ̀ á máa bú gbàù, á máa ta iná káàkiri. Ewé tíì, tí àwọn kan ń pè ní koríko ọba, tí ọ̀pọ̀ ń gbìn sábẹ́ fèrèsé nítorí ẹ̀fọn: òróró wà nínú rẹ̀, ìdí rẹ̀ sì máa ń kún fún ewé òkú. Ẹ gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, nítòsí ẹ̀rọ omi. Lápálápá dára fún ọgbà, ṣùgbọ́n ó ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òróró inú èso rẹ̀ sì ń jó. Ẹni tó bá ní i gbọ́dọ̀ máa ṣa èso náà nílẹ̀. Kajú, tí ẹ̀yin ará Ogbómọ̀ṣọ́ mọ̀ dáadáa, òjìji rẹ̀ ń pa koríko, èyí dára. Ṣùgbọ́n òróró èèpo kóró rẹ̀ ń gbiná, ewé tó ń wọ́ sílẹ̀ sì pọ̀. Inú oko ni kó wà. Ọ̀pẹ àti àgbọn tí kò sí ẹni tó ń gé imọ̀ gbígbẹ wọn, iná á gùn wọ́n dókè ní ìṣẹ́jú kan, láti orí wọn ló sì ti máa ju ẹ̀ta iná sí àdúgbò. Àwọn igi "whistling pine" tó wà ní àwọn GRA àtijọ́, ewé wọn tó tín-ín-rín ń tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀ títí tó fi nípọn. Bougainvillea lẹ́wà lóòótọ́, àmọ́ bí a kò bá gé e fún ọdún méjì, inú rẹ̀ á di kìkì igi gbígbẹ.

Ẹnì kan lè ní, "Ṣé ìyẹn tó nǹkan tí à ń pariwo lé lórí?" Ẹ jẹ́ ká yà sí ìlú Oakland ní California. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá, 1991, iná koríko kan ṣẹ́ yọ lórí òkè níbẹ̀, wọ́n sì rò pé àwọn ti pa á. Ní ọjọ́ kejì, atẹ́gùn gbígbẹ fẹ́ sí ẹyin iná tó kù lábẹ́ eérú, ó sì ru padà. Yúkálíptọ́ọ̀sì tí wọ́n kó wá láti Australia àti igi páìnì pọ̀ láàárín àwọn ilé náà. Òróró ń bẹ nínú ewé yúkálíptọ́ọ̀sì, èèpo rẹ̀ sì máa ń bó ní gígùn, tí atẹ́gùn fi ń gbé e fò pẹ̀lú iná lára. Èèyàn 25 ló kú. Ilé tó jóná lé ní 2,800.

Àmọ́ ẹ má torí èyí di gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ru igi. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní, 2025, iná méjì ṣẹ́ yọ ní agbègbè Los Angeles, ọ̀kan ní Palisades, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ Altadena. Ilé àti ilé iṣẹ́ tó run lé ní 16,000. Nínú àwòrán tó jáde láti Altadena, ẹ ó rí igi tí ewé rẹ̀ ṣì tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tó ti di eérú. Ẹ̀ta iná ló fo igi náà kọjá, tó wọ ilé, tí ilé kan sì ń ran èkejì. Èyí ló fi hàn pé bí a bá yan igi tó dára jù lọ láyé, tí ẹsẹ̀ ògiri wa sì dọ̀tí, a kò tí ì ṣe nǹkan kan.

Ìdí nìyí tí òfin California fi ní kí àwọn tó ń gbé níbi tí iná ti ń ṣọṣẹ́ máa tọ́jú ilẹ̀ yí ilé wọn ká dé ẹsẹ̀ bàtà 100. Ní 2020, wọ́n tún ṣe òfin mìíràn láti ya ẹsẹ̀ bàtà 5 àkọ́kọ́ lára ògiri sọ́tọ̀, kí ohun tí ẹ̀ta iná lè ràn má sí níbẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, ṣé kò jọ yín lójú? Ohun tí wọ́n ń fi òfin wá lọ́hùn-ún ni ìgbálẹ̀ ti ń ṣe ní agbo ilé wa láràárọ̀. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tó mọ́ fónífóní, tí kò sí koríko, tí kò sí ewé, títí dé ẹsẹ̀ ògiri. Lónìí, àwọn kan ti ń wo ilẹ̀ gbígbá bí àmì òṣì. Wọ́n á gbin koríko mọ́ ògiri, wọ́n á to òdòdó sábẹ́ fèrèsé, wọ́n á sì da èèpo igi gbígbẹ lé e lórí kó lè lẹ́wà. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀ṣọ́, ẹ da yanrìn tàbí òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹsẹ̀ bàtà 5 yẹn, kí òdòdó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Igi ìdáná, pákó àti kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ pẹ̀lú.

Lẹ́yìn ibi gbígbá yìí ni kí ọ̀dúndún, àbámọdá àti gbúre wà, ní àkójọ kéékèèké tí àyè wà láàárín wọn, kí iná má baà rí ọ̀nà kan gbọọrọ rìn. Lẹ́yìn wọn ni igi eléso. Pẹ́rẹ́gún àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ á wà ní ààlà. Ẹ̀yìn ààlà ni kẹ́ ẹ ti ṣán igbó kanlẹ̀. Bí ilé yín bá wà lára òkè, bíi ti àwọn ará Ìgbẹ́tì tàbí Ìdànrè, ẹ fẹ ibi ìṣánlẹ̀ ti ìsàlẹ̀ lójú ju ti òkè lọ, torí iná máa ń sáré gòkè ju bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ: ọwọ́ rẹ̀ ń na sí ohun tó wà lókè, á ti gbẹ ẹ́ kó tó dé ibẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á bèèrè pé omi dà nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí kànga ń gbẹ, tí a ń ra omi mu. Èyí ló fà á tí mi ò fi ní kẹ́ ẹ gbin gbogbo ilẹ̀. Ìwọ̀nba tí omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ yín bá ká ni kẹ́ ẹ gbìn. Ìyókù, ẹ gbá a, kó wà bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ gbalasa tó mọ́ sàn ju ọgbà tó ti gbẹ lọ.

Kí n tó lọ, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí rèé. Ẹ yí ilé yín po, kí ẹ yẹ gbogbo igi àti òdòdó tó wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 30 wò, pẹ̀lú ọwọ́ àti imú bí a ṣe sọ. Èyí tó bá ní òróró tàbí ẹ̀ka òkú, ẹ gé e, tàbí kí ẹ hú u lọ sọ́nà jíjìn. Ẹ gun òrùlé, kí ẹ kó ewé tó há sẹ́nu páànù, torí a kì í fi iná sórí òrùlé ká sùn, ewé gbígbẹ ibẹ̀ ló sì ń gba iná lálejò. Ẹ rì ọ̀pá pẹ́rẹ́gún àti ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ìhà àríwá ìlà-oòrùn kí òjò tó lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò. Bí tiyín bá mọ́, tí tirẹ̀ sì jẹ́ igbó, ẹ̀ta iná kò mọ ààlà. Ẹ jọ lọ bá Baálẹ̀ àti àwọn ọdẹ, kí ẹ fẹnu kò lórí ìgbà tí ẹnikẹ́ni lè dáná sun oko, kí ó má jẹ́ ọjọ́ tí atẹ́gùn ń jà. Bí iná bá sì ti ju agbára yín lọ, ẹ kó àwọn ọmọ àti àgbà kúrò nínú ilé ná, kí ẹ sì pe 112.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lákòókò yìí kan náà, bí a ṣe ń tọ́jú kànga kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé la máa gbé yẹ̀ wò.